Betamax àti VHS: wákàtí ló pa Betamax, àbí ṣọ́ọ̀bù?

Bàbá_Téèpù

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé.

Betamax ti Sony àti VHS ti JVC ni oríṣi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ilé méjì tó bá ara wọn díje. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Betamax báyìí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé àwòrán rẹ̀ dáa ju ti VHS lọ fíìfíì, pé àìríire ló jẹ́ kó pòórá. Mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀ níbí pẹ̀lú ọdún àti iye, nítorí kò gún régé lójú mi.

Sony gbé Betamax jáde ní Japan ní oṣù karùn-ún ọdún 1975. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá a jáde, K-60, wákàtí kan péré ló ń gbà. JVC gbé VHS tiwọn, HR-3300, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, ó sì ń gba wákàtí méjì láti ọjọ́ tó ti dé ọjà. Fíìmù sinimá tó wọ́pọ̀ kò kéré sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹni tó ní VHS á ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, á yí aago rẹ̀, á lọ sùn. Ẹni tó ní Betamax àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó lè pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì láàárín fíìmù, ohun tó bá sì kọjá nígbà tó ń pààrọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lérò tèmi, wákàtí kan yẹn ni Betamax kò rí gbà padà mọ́ títí tó fi kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí mìíràn, kó mú un wá.

Elẹ́rọ_Mókọ̀lá

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò gbè yín lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ wákàtí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ mú gígùn téèpù, kí ẹ fi eré tó ń sá pín in.

Kásẹ́ẹ̀tì Beta tó ń jẹ́ L-500, tí gígùn rẹ̀ bá ti K-60 dọ́gba, ní téèpù bíi mítà 152 nínú. Ní Beta I, ìyẹn eré àkọ́kọ́ tí Betamax ní, téèpù ń sá sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín in, ẹ ó rí ìṣẹ́jú-àáyá 3,800, ìyẹn ìṣẹ́jú 63. Kásẹ́ẹ̀tì T-120 ti VHS ní téèpù bíi mítà 247, sẹ̀ǹtímítà 3.335 ló sì ń sá, ó di ìṣẹ́jú 123. Téèpù méjèèjì fẹ̀ bákan náà, mìlímítà 12.7. Àpótí ni kò dọ́gba. Ti Beta jẹ́ mìlímítà 156 sí 96, ti VHS sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gùn jù ú lọ. Sony ló pinnu pé kásẹ́ẹ̀tì náà kò gbọdọ̀ tóbi ju ìwé kékeré àfọwọ́mú lọ, ìpinnu yẹn ló sì jẹ́ kí àyè téèpù kéré.

Lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ òótọ́ ọlọ́dún méjì ni. Dúróòmù ni àgbá kékeré tó ń yí pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dì tó ń kọ àwòrán tó sì ń kà á. Ti Beta fẹ̀ ní mìlímítà 74.5, ti VHS 62. Nítorí náà hẹ́ẹ̀dì Beta ń yára kọjá lórí téèpù ju ti VHS lọ: bíi mítà 6.9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti VHS 5.8. Ní Beta I, ẹ ó rí bíi ìlà 250 (bí ìlà bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó). VHS ní SP, eré rẹ̀ àtilẹ̀wá, 240. Ìlà mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ariwo wà lé lórí, kò sì sí ẹni tó máa rí i lórí tẹlifíṣàn ilé nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni Sony gbé Beta II wá ní 1977 kó lè bá VHS dé wákàtí méjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni pé wọ́n gé eré téèpù sí ìdajì, sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ẹ bá gé eré sí ìdajì, ipa tí hẹ́ẹ̀dì ń kọ sára téèpù náà á tín-ín-rín sí ìdajì. Ipa Beta I fẹ̀ ní máíkírọ́nì 58.5, ti VHS SP 58, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Beta II di 29.2. Beta III, tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, di 19.5. Ipa tín-ín-rín túmọ̀ sí pé agbára àmì tí hẹ́ẹ̀dì rí kà ti dín kù, ariwo á pọ̀ nínú àwòrán, àwọ̀ pupa á sì máa jó. Ẹni tó bá fi Beta II wé VHS SP, tí í ṣe ohun tí àwọn oníbàárà ń lò gan-an nílé láti 1977 lọ, kò ní rí ọlá kankan tí Beta fi ju VHS lọ. Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, ẹ̀rọ tó wà fún ilé kò tilẹ̀ gba nǹkan sílẹ̀ ní Beta I mọ́.

Àṣàkẹ́_Fídíò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi RCA, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá Amẹ́ríkà, kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ti yí.

RCA wo Betamax, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kéré jù, wọn kò gbà á. Wọ́n tọ Matsushita (Panasonic), ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe VHS, lọ pé ẹ̀rọ tó lè gba wákàtí mẹ́rin làwọn ń fẹ́, kí eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lè wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kan pátá, nítorí eré yẹn máa ń tó wákàtí mẹ́ta. Matsushita dín eré VHS kù sí ìdajì, òun ni wọ́n ń pè ní LP, kódà JVC tó ni VHS kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwòrán tó máa bàjẹ́. Ẹ̀rọ RCA náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1977 ní dọ́là 1,000. Betamax SL-7200 ti wà lórí igbá ní nǹkan bíi dọ́là 1,300 kó tó dé. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá ọ̀kan tó wọ́n jù tí wákàtí rẹ̀ sì kéré jù. Kí ni ẹ rò pé ó máa mú?

Àwọn tó ń ṣe é náà ṣe pàtàkì. Sony ní Toshiba, Sanyo àti NEC lẹ́yìn, Aiwa àti Pioneer náà bá wọn ṣe é, Zenith sì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ VHS ni ẹ ó ti rí Matsushita, Hitachi, Sharp, Mitsubishi, Akai, pẹ̀lú RCA, GE àti Magnavox. Kì í ṣe pé Sony kò fẹ́ alábàáṣe. Wọ́n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tiwọn pátá, wọ́n wá ń pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣe é bó ṣe wà. JVC gbà kí àwọn mìíràn fi tiwọn kún un. Ẹni tó bá ti ní ọwọ́ nínú nǹkan kì í fẹ́ kó kú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. Mo fara mọ́ ìṣirò yín fún Amẹ́ríkà àti Japan, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún Lọ́ńdọ̀nù, kò sì lè dúró fún Nàìjíríà.

Gbogbo iye tí ẹ kọ sókè yìí, ti NTSC ni, ètò tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà àti Japan. Betamax PAL, ìyẹn ti ètò tẹlifíṣàn Britain àti tiwa, kò ní Beta I, II tàbí III. Eré kan ṣoṣo ló ní, sẹ̀ǹtímítà 1.87. Pẹ̀lú rẹ̀, L-500 ń gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10, L-750 ń gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15. E-180 ti VHS, wákàtí 3 géérégé. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ọjà Britain ní 1978, Betamax kò fi wákàtí rẹ̀yìn rárá. Kódà L-750 fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju E-180 lọ.

Ẹ tún wo Video 2000 tí Philips àti Grundig gbé jáde ní 1979. Wákàtí mẹ́rin lójú kan, ẹ yí i padà, wákàtí mẹ́rin lójú kejì. Mẹ́jọ nínú kásẹ́ẹ̀tì kan! Bó bá jẹ́ wákàtí ló ń fúnni ní ọjà, VHS ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Yúróòpù. Video 2000 ló kọ́kọ́ kú.

Nítorí náà, kí ló pa Betamax ní ilẹ̀ PAL?

Àṣàkẹ́_Fídíò

Àbúrò, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè lo béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní Britain nígbà náà, ẹ̀rọ fídíò wọ́n, àwọn èèyàn sì ti mọ́ ara wọn lára láti máa yá tẹlifíṣàn lóṣooṣù. Bí wọ́n ṣe ń yá tẹlifíṣàn náà ni wọ́n ṣe ń yá fídíò. Thorn ló ni Radio Rentals, òun náà ló ni DER, òun náà ló ni orúkọ Ferguson. JVC ń ṣe VHS fún Thorn, wọ́n ń lẹ Ferguson mọ́ ọn lára, ẹ̀rọ Ferguson Videostar yẹn ló sì kún àwọn ṣọ́ọ̀bù ìyáni náà. Oníbàárà kò jókòó fi Beta wé VHS. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń yá tẹlifíṣàn tẹ́lẹ̀ ló yá. JVC ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì pẹ̀lú Telefunken.

Sanyo VTC5000 tà dáadáa ní Britain nítorí kò wọ́n, torí náà Betamax kò parẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tó ń yá ni ní fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, onítọ̀hún ní láti ra fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, Beta kan, VHS kan. Bí mẹ́ta nínú oníbàárà mẹ́rin bá ń béèrè VHS, ẹ̀dà VHS á máa jáde lójoojúmọ́, ti Beta á jókòó sórí pákó. Owó tó yẹ kó fi ra Beta mìíràn, á fi ra ẹ̀dà VHS kejì. Pákó Beta á kéré, oníbàárà Beta tó wá kò ní rí fíìmù tuntun, bó bá sì tó àsìkò láti pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, á lọ ra VHS. Ó ń bọ̀ wá kéré sí i lọ́dọọdún láìsí ẹni tó pàṣẹ pé kó kúrò.

Bàbá_Téèpù

Mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ PAL yẹn lágbára. Síbẹ̀ mi ò gbé wákàtí jù sílẹ̀. Amẹ́ríkà ni ọjà tó tóbi jù lọ, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe VHS ti rí èrò tó pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ lówó pọ́ọ́kú. Matsushita tó ń ṣe ẹ̀rọ fún RCA ni ó ń ṣe é fún gbogbo ayé pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí wákàtí tà ní New York ló sọ owó ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Manchester.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ náà kún un, nítorí àwọn kan máa ń rò pé òun ló pa Betamax. Ilé iṣẹ́ fíìmù Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ ní 1976 pé ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ ń jí iṣẹ́ àwọn. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé kéèyàn gba ètò sílẹ̀ nílé kó lè wò ó nígbà mìíràn kò lòdì sófin. Sony ló jà á, Sony ló náwó, Sony ló borí. Gbogbo ẹni tó ń ṣe VHS ló sì jẹ nínú rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ní oṣù kan náà gan-an ni Sony ń ra ojú ewé ìwé ìròyìn ní Japan, léraléra fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń béèrè lójú gbogbo ayé bóyá Betamax máa pòórá. Wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn ọjọ́ ìkẹyìn fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ ni. Ohun tí àwọn èèyàn rántí ni ìbéèrè.

Elẹ́rọ_Mókọ̀lá

Ẹ má gbàgbé kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i pé ọgbọ́n Sony àti ìṣòro Sony jẹ́ ohun kan náà.

Betamovie BMC-100 jáde ní 1983, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbàwòrán nínú àpótí kan, ó sì ń lo kásẹ́ẹ̀tì Beta gidi. Kó lè kéré, wọ́n dín dúróòmù rẹ̀ kù sí mìlímítà 44.7, wọ́n wá fi téèpù yí i ká ní ìwọ̀n 300. Kí ipa tó ń kọ lè bá ti ẹ̀rọ ilé mu, kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán pẹ̀lú àkókò tó yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣàn. Àtúbọ̀tán rẹ̀ ni pé kò lè ka ohun tó kọ. Ẹ ò lè wo ohun tí ẹ yà níbi ìgbéyàwó títí ẹ ó fi délé. Kò tilẹ̀ ní ìbojúwò tó ń fi àwòrán hàn, awò lásán ni.

JVC dáhùn ní 1984 pẹ̀lú GR-C1. Dúróòmù 41.3, téèpù yí i ká ní ìwọ̀n 270, hẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ó ń gbà, ó ń kà, kásẹ́ẹ̀tì VHS-C rẹ̀, ìyẹn VHS kékeré, sì ń wọ ẹ̀rọ ilé nínú àpótí adàpọ̀. Sony fúnra wọn yà sí Video8, kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà tó kéré ju Beta lọ, ní 1985. Láti ìgbà náà, owó àti òye wọn ti ń lọ síbòmíràn.

Àwọn Beta tí wọ́n tún ṣe náà jáde: SuperBeta dé ní 1985, ED Beta ní 1988 tó ń fúnni ní ìlà 500. ED Beta dára gan-an, mi ò rí ohun tí mo máa fi bú u. Ọdún tó jáde náà ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta VHS. Ẹ̀rọ Betamax tó kẹ́yìn jáde ní 2002, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iye tó ju mílíọ̀nù 18 lọ. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dópin ní oṣù kẹta ọdún 2016.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Èyí tó kan wa nílé níbí nìyẹn. Nígbà tí àwọn òṣèré alárìnjó Yorùbá kó iṣẹ́ wọn lọ sínú fídíò ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989, VHS nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́jà tí èèyàn lè fi tajà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tó jáde láti Ìdúmọ̀tà nígbà náà fi wà lórí VHS, tí ẹ ò fi ní rí ti Beta.

Ohun tó wà lórí Beta nílẹ̀ yìí ni ohun tó ṣáájú ìyẹn: ìsìnkú, ìkómọjáde, ìwúyè, ètò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Kò sí ẹ̀dà irú wọn níbòmíràn. Ẹni tó bá ní L-750 lọ́wọ́ lónìí ńkọ́? Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?

Elẹ́rọ_Mókọ̀lá

Kó má kọ́kọ́ tì í bọ ẹ̀rọ kankan. Kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tẹ ìlẹ̀kùn iwájú kásẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ téèpù lábẹ́ iná. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó dà bí ìyẹ̀fun létí ibi tí téèpù ká jọ, ehu ni. Ooru àti ọ̀rinrin wa níbí ń fà á gidigidi. Téèpù eléhu kan á fi ehu rẹ̀ sára hẹ́ẹ̀dì àti rọ́là, ẹ̀rọ náà á sì kó o ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin) fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó gbẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti nù ún, kí ẹ fi nǹkan bo imú, nítorí ehu náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ehu gbígbẹ máa ń ṣí kúrò. Èyí tó bá tutù á lẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí téèpù. VHS ń fi iná mọ òpin téèpù nítorí orí tirẹ̀ mọ́ gaara. Beta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà irin tín-ín-rín ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kọ́ìlì kan nínú ẹ̀rọ ló sì ń mọ̀ pé irin dé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi so irin náà mọ́ téèpù ti ń gbẹ láti nǹkan bí ogójì ọdún. Bó bá já, ẹ̀rọ kò ní mọ ìgbà tí téèpù tán, á máa fà á lọ títí yóò fi tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ti já, ẹ fi gọ́ọ̀mù téèpù tó wà fún ìsopọ̀ so ó padà, lẹ́yìn téèpù, kì í ṣe lójú tó ń kan hẹ́ẹ̀dì. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́ jáde, á wá dé orí dúróòmù. Ẹ má sì sọ irin náà nù.

Ẹ kán ahọ́n kékeré tó wà nísàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ má baà kọ nǹkan lé e lórí. Bí kò bá ti sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àṣàkẹ́_Fídíò

Kí ẹnikẹ́ni tó wá ẹ̀rọ ra, kó mọ ibi tí téèpù náà ti wá. Téèpù tó wá láti Amẹ́ríkà, NTSC ni. Ẹ̀rọ Betamax tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní kà á. Bó bá jẹ́ ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ Beta I, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó jáde lẹ́yìn ló ń ka Beta I. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, PAL ni, bíi tiwa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wáyà eríàlì so ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́ tẹlifíṣàn tiwa, àwòrán á jáde, ohùn á máa hó ṣùù. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ní Britain, ohùn fi 6.0 MHz jìnnà sí àwòrán; tiwa níbí jẹ́ 5.5. Ẹ má lo wáyà eríàlì, ẹ lo ojú AV ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ìṣòro náà á tán.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Betacam. Àpótí kékeré rẹ̀ bá ti Betamax dọ́gba, á sì wọlé. Ohun tó wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ohun èlò ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni, láti 1982. Eré rẹ̀ tó bíi mẹ́fà ti Beta II, L-500 kò gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì Beta tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 sí lára, tó ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wá, ẹ má tì í bọ ẹ̀rọ ilé.

Bàbá_Téèpù

Elẹ́rọ, ẹ ṣàlàyé ti bẹ́líìtì àti hẹ́ẹ̀dì fún wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba téèpù jẹ́.

Elẹ́rọ_Mókọ̀lá

Ó dáa, Bàbá.

Ẹ̀rọ tó ti jókòó fún ọdún pípẹ́, ẹ má fi téèpù tó ṣe pàtàkì dán an wò. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì rọ́bà àtijọ́ máa ń nà, tàbí kó yọ́ di ọ̀dà dúdú sára púlì. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha ọ̀dà náà, ẹ wá fi isopropyl, irú ọtí tí a fi ń nu ẹ̀rọ, nù ún títí irin á fi mọ́. Bí ọ̀dà bá kù díẹ̀, bẹ́líìtì tuntun á máa yọ̀.

Ẹ fi ojú sí òrùka ńlá tó yí dúróòmù ká. Òun ló ń lọ fa téèpù jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì tí á sì gbé e yí dúróòmù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Beta ń fa téèpù jáde ní kété tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Èyí ló jẹ́ kó yá bí ẹ bá ń wá àwòrán síwájú sẹ́yìn. Bí bẹ́líìtì òrùka náà bá ti rọ̀, á dúró láàárín ọ̀nà, téèpù á wà níta, kásẹ́ẹ̀tì kò sì ní jáde. Ẹ má fi agbára fà á! Ẹ yọ iná, ẹ fi ìka yí púlì mọ́tò òrùka náà padà díẹ̀díẹ̀ títí téèpù á fi wọlé, kí ẹ tó gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde.

Hẹ́ẹ̀dì: ẹyọ ferrite kékeré ni, ó rọrùn láti fọ́. Ẹ má lo igi olówùú tí a fi ń nu etí, nítorí òwú rẹ̀ máa ń há sí ẹnu hẹ́ẹ̀dì. Igi tí awọ rírọ̀ wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi isopropyl 99% rin ín. Ẹ gbé awọ náà sára dúróòmù, kí ọwọ́ yẹn dúró sójú kan. Ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi yí dúróòmù láti òkè. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé awọ náà sókè sódò láé. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbẹ. Téèpù tó bá kan dúróòmù tútù á lẹ̀ mọ́ ọn. Rọ́là rọ́bà tó ń tẹ téèpù, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún. Ọtí máa ń mú rọ́bà gan.

Bí àwòrán bá jáde, tó wá di wínníwínní lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ohùn sì ń lọ geere, hẹ́ẹ̀dì ló ti dí. Ẹ dá a dúró, ẹ tún un nù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ kó máa lọ, ìdọ̀tí tó dí hẹ́ẹ̀dì náà á máa fá téèpù.

Àṣàkẹ́_Fídíò

Fún ẹni tó fẹ́ kó o sórí kọ̀ǹpútà: ẹ kọ́kọ́ yí téèpù dé òpin, kí ẹ yí i padà, kó lè ká jọ dáadáa. Ẹ fi TBC (ẹ̀rọ tó ń tún àkókò àwòrán ṣe) sáàárín ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà, nítorí téèpù tó ti nà kò ní jẹ́ kí àwòrán dúró ṣinṣin, kọ̀ǹpútà á sì máa ju fírémù nù, ohùn àti ẹnu kò ní bá ara wọn mu mọ́. Gba PAL ní 720×576, fírémù 25, bó ṣe wà láìpa ìlà rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀nà DV pa á mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wákàtí kan á jẹ bíi 13 GB. FFV1, ọ̀nà ìpamọ́ mìíràn, tóbi ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nù, òun ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ohun tí kò ní ẹ̀dà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa lè fa àmì tààrà láti ara hẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ vhs-decode tú u lórí kọ̀ǹpútà. Ó mọ Betamax náà.

Ti Hi-Fi, ìyẹn ohùn tó dára ju ti ẹ̀gbẹ́ téèpù lọ: ní NTSC, hẹ́ẹ̀dì fídíò kan náà ló ń kọ ohùn Hi-Fi. Ní PAL, hẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, bí ohùn Hi-Fi PAL bá ń já tí àwòrán sì dára, hẹ́ẹ̀dì ohùn ni kí ẹ wò. Ẹ lè yí i sí ohùn ẹ̀gbẹ́ téèpù kí iṣẹ́ má baà dúró.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí bẹ́líìtì bá ti yọ́ tán tí kò sí èyí tí a máa fi wọ̀n ọ́n ńkọ́?

Elẹ́rọ_Mókọ̀lá

Ẹ fi òwú tí kì í nà yí àwọn púlì ká lójú ọ̀nà tí bẹ́líìtì máa gbà, ẹ sàmì sí ibi tó ti pàdé, ẹ nà án sórí rúlà. Kí bẹ́líìtì tí ẹ máa rà kúrú sí ìyẹn ní bíi 5% sí 10%. Bí òwú bá jẹ́ mìlímítà 300, ẹ wá èyí tí yíyíká inú rẹ̀ wà láàárín 270 sí 285. Ẹ wo ihò púlì náà: bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, bẹ́líìtì onígun mẹ́rin, bó bá tẹ́, bẹ́líìtì pẹlẹbẹ. Èyí tó bá le jù máa ń fa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì jẹ búṣì rẹ̀.

Àwọn òpó tó ń tọ́ téèpù sọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù, tí wọ́n fi ọ̀dà kékeré lé orí skúrù wọn, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.